Ibi Tí Ó Jìnnà àti Ibi Tí Kò Lọ́nà: Ìrìn-àjò Òfurufú láti Johannesburg sí Erékùṣù St Helena

Bí a bá bi àgbẹ̀ ayé àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá léèrè pé báwo ni oko rẹ̀ ṣe jìnnà sí ilé tó, kì í fi ibùsọ̀ tàbí kìlómítà dáni lóhùn. Ohun tí yóò wí ni pé ẹni tí ó bá gbéra ní àkùkọ àkọ́kọ́ yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, tàbí pé ẹni tí ó bá dúró kí ilẹ̀ ó mọ́ tán yóò sùn sí ọ̀nà. Àkókò ni ó fi ń wọn ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ nípa máàpù àti ìwọ̀n lè máa fi ojú òpè wo irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ìrìn-àjò òfurufú, ọgbọ́n àgbẹ̀ yìí gan-an ni àwọn tí ń ṣètò ọkọ̀ òfurufú ń lò. Máàpù a máa sọ bí ibì kan ti jìnnà tó. Kì í sọ bí yóò ti pẹ́ tó kí a tó dé ibẹ̀, kì í sì í sọ bóyá ọ̀nà kankan tilẹ̀ wà.

Kò sí ibi tí a ti lè rí èyí kedere ju erékùṣù St Helena lọ. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ní ìhà gúúsù ni erékùṣù náà wà. Kò ju kìlómítà 16 ní gígùn àti kìlómítà 8 ní ìbú. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 122 níbùú-lóròó, àwọn ènìyàn tí ń gbé orí rẹ̀ kò sì tó 5,000. Ìyẹn ni pé gbogbo ọmọ erékùṣù náà, lọ́mọdé lágbà, lè jókòó sínú pápá ìṣeré kan ṣoṣo ní Ìbàdàn kí àyè sì tún ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà. Etíkun Áfíríkà tí ó súnmọ́ wọn jù lọ, ní ìhà Àǹgólà àti Nàmíbíà, jìnnà sí wọn tó bí 1,900 kìlómítà. Ilẹ̀ tí ó tilẹ̀ súnmọ́ wọn jù ní gbogbo àgbáyé ni erékùṣù Ascension, òun náà sì tó bí 1,300 kìlómítà. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ni, omi lọ súà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ibẹ̀ ti jẹ́ ìpẹ̀kun ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọdún 1502 tí àwọn atukọ̀ Potogí ti kọ́kọ́ kan ibẹ̀, títí di nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ojú títì ni St Helena wà. Ọkọ̀ ojú omi tí ń ti Íńdíà àti Ṣáínà bọ̀ sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ yí etí ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn ni yóò sì gbé e kọjá lẹ́bàá erékùṣù yìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi mímu tí wọ́n sì ń ra ẹ̀fọ́ àti ẹran. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ tí ń yà síbẹ̀ láàárín ọdún kan ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kì í gúnlẹ̀. Ọjà ni ibẹ̀ nígbà náà.

Síbẹ̀ ó jìnnà tó láti fi ènìyàn pamọ́ sí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Napoleon, ọba Faransé, ní ọdún 1815, ibẹ̀ ni wọ́n kó o lọ. Oṣù kẹjọ ni wọ́n gbéra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ tó dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tàbí díẹ̀ dín lórí omi. Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1821 ni ọkùnrin náà kú, láìfojú kan ilé mọ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ni ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Fún ọgọ́ta ọjọ́ gééré, Yúróòpù ń bẹ̀rù ẹni tí ó ti wọ ilẹ̀ lọ. Ní àkókò yẹn, ìròyìn àti ènìyàn ni wọ́n jọ ń rìn pọ̀; kò sí èyí tí ó yára ju èkejì lọ. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí nǹkan ti yí padà.

Ibòmíràn nínú ìtàn erékùṣù náà kan àwọn ènìyàn dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ń lépa àwọn olówò ẹrú, irú èyí tí ó gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ ní ọdún 1822 tí ó sì gbé e lọ sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí St Helena láti ọdún 1840. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, iye àwọn tí a kó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ju 20,000 lọ. Àrùn àti ìyà inú ọkọ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ wọn di òkú tí ń mí; nǹkan bí 8,000 ni a gbà pé wọ́n sin sí àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Rupert's Valley. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìran tí àwọn onímọ̀ ṣe sí egungun díẹ̀ nínú wọn fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìhà àríwá Àǹgólà títí dé Gàbọ́ọ̀nù ni wọ́n ti kó wọn, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Bí a ṣe wá rí egungun wọ̀nyí kò ṣàì kan ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀: ní ọdún 2007 sí 2008, nígbà tí a ń múra láti la ọ̀nà tí yóò lọ sí pápákọ̀ òfurufú, a hú òkú 325 jáde. Ọdún 2022 ni a tó tún wọn sin.

Ní ọdún 1869, a la odò Suez já ní ilẹ̀ Íjíbítì. Àwọn ọkọ̀ tí ń ti Íńdíà bọ̀ kò ní láti yí Áfíríkà ká mọ́. Ní àkókò yẹn kan náà ni ọkọ̀ onínàá ń gba ipò lọ́wọ́ ọkọ̀ onígbòkun, èyí tí kò gbẹ́kẹ̀ lé afẹ́fẹ́, tí kò sì nílò àtiyà pọn omi ní gbogbo ìgbà. Láàárín ìran kan, èbúté tí ó kún fọ́fọ́ di ibi tí àwọn ọmọdé ti ń sáré lọ wo ọkọ̀ bí ohun àrà. Erékùṣù náà kò kúrò lójú kan, a kò fi kìlómítà kan ṣoṣo kún òkun tí ó yí i ká, síbẹ̀ ó jìnnà. Ọ̀nà ni ó ṣí kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá: ọ̀pọ̀ ìlú tí ọkọ̀ ojú irin sọ di ọjà ńlá ni ó di ìlú ìdákẹ́jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò yà níbẹ̀ mọ́, tí títì ọlọ́dà tuntun sì gba ibòmíràn lọ.

Ní ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ó máa ń yà sí St Helena láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gúúsù Áfíríkà ṣíwọ́. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ìgbésí ayé gbogbo ará erékùṣù náà rọ̀ mọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RMS St Helena. A kan èyí tí ó kẹ́yìn ní ọdún 1990. Láti Cape Town dé Jamestown, olú-ìlú erékùṣù náà, jẹ́ nǹkan bí 3,150 kìlómítà, ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ọkọ̀ náà sì ń lò. Kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún yìí ni ó nira jù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni ọkọ̀ ń dé. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ìfun rẹ̀ lọ́ lójijì ṣe àpẹẹrẹ, tí àìsàn rẹ̀ sì kọjá agbára ilé-ìwòsàn kékeré tí ó wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lánàá, aláìsàn náà yóò dúró fún ogúnjọ́, yóò sì tún lo ọjọ́ márùn-ún lórí omi kí oníṣẹ́-abẹ tó fi ojú kàn án ní Cape Town. Àwọn àìsàn kan kì í fún ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun kò lè bá òkú òbí rẹ̀ nílẹ̀, àfi bí ikú bá fara balẹ̀ bá ètò ọkọ̀ mu.

Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà láti kọ́ pápákọ̀ òfurufú síbẹ̀. Ọdún 2011 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà. Owó tí a fọwọ́ sí lé lórí jẹ́ mílíọ̀nù 285 pọ́n-ùn. Kò sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó gùn tó lórí erékùṣù olókè yẹn, nítorí náà wọ́n fọ́ òkúta, wọ́n sì fi dí àfonífojì ńlá kan kí ojú ìsáré ọkọ̀ tó gùn tó 1,950 mítà. Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Prosperous Bay Plain ni ó wà, ní ìhà ìlà-oòrùn, ó sì ga ju òkun lọ tó bí 300 mítà. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ọ̀gbun ni, ó já wàràwàrà sínú òkun.

Ọ̀gbun yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn kan náà tí ó gbé àwọn ọkọ̀ onígbòkun wá sí St Helena ni ó ń forí sọ àwọn àpáta wọ̀nyí, tí ó ń yí bírí, tí ó ń gòkè, tí ó sì ń rọ̀ lójijì, gan-an ní ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti ní láti rọra balẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, yà sí erékùṣù náà ní ọdún 1836. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun dúró létí ọ̀gbun kan tí atẹ́gùn kò fẹ́ lára òun rárá, nígbà tí àwọn ẹyẹ tí kò jìnnà sí òun ń bá ìjì jà kíkankíkan. Ó ku 180 ọdún kí ọkọ̀ òfurufú ńlá tó dé ibẹ̀, ìwé náà sì wà ní gbogbo ilé-ìkàwé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ọkọ̀ ńlá Boeing 737 kọ́kọ́ gbìyànjú àtibalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní, awakọ̀ náà ní láti tún gbé e sókè kí ó tó lè balẹ̀ nígbẹ̀yìn. Wọ́n sún ṣíṣí pápákọ̀ náà, èyí tí ó yẹ kí ó wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún náà, síwájú. Àwọn ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kò sí pápákọ̀ tí kò wúlò tó o ní gbogbo ayé. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ń yẹ ìnáwó ìjọba wò sì nà án ní ẹgba ọ̀rọ̀ ní oṣù Kejìlá. Ẹ̀sùn ìgbìmọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ti àwọn oníyẹ̀yẹ́ ni ó kù díẹ̀ káàtó, nítorí láti oṣù kẹfà ọdún 2016 kan náà ni ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ń gbé aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ níbẹ̀. Aláìsàn tí ó dé ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ kan náà kò ní pe pápákọ̀ náà ní aláìwúlò.

Ojútùú tí a rí sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí yẹ kí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fi kọ́ ọmọ. Bí ọkọ̀ bá gba ìhà àríwá wọlé, afẹ́fẹ́ yóò kọjú sí i, èyí tí gbogbo awakọ̀ ń fẹ́, nítorí pé a máa dín eré rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń yí bírí. Bí ó bá gba ìhà gúúsù, ojú ọ̀run tòrò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò ti máa tì í, yóò sì nílò ilẹ̀ púpọ̀ sí i kí ó tó dúró. Ọkọ̀ tí ó kéré, tí ó sì fúyẹ́, ni ó lè yan èyí tí ó bá rọrùn nínú méjèèjì. Ní ìparí ọdún 2016, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ Embraer tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Bùràsílì wá fún ìdánwò. Irú ọkọ̀ yẹn ni ilé-iṣẹ́ Airlink ti Gúúsù Áfíríkà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ọkọ̀ RMS St Helena ṣíkọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì sunkún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ti ń ráhùn nítorí ìfalẹ̀ rẹ̀.

Wàyí o, wákàtí mélòó ni? Láti Johannesburg dé St Helena jẹ́ nǹkan bí 3,700 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣírò ọmọ ilé-ìwé yóò mú wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ náà yóò rí i pé ó tó wákàtí mẹ́fà. Ibo ni èyí tí ó lé ti wá? Ọkọ̀ náà kì í lọ tààrà. Ó ń yà rọ epo ní ilẹ̀ Nàmíbíà, ní Windhoek lákọ̀ọ́kọ́, ní Walvis Bay lẹ́yìn náà. Láti Johannesburg dé Walvis Bay jẹ́ bí 1,430 kìlómítà. Láti ibẹ̀ dé erékùṣù náà jẹ́ bí 2,250. Epo tí ó ń rọ kì í ṣe èyí tí yóò gbé e débẹ̀ nìkan. Bí ó bá dé òkè erékùṣù náà, tí ìkuukùu tàbí afẹ́fẹ́ kò sì jẹ́ kí ó balẹ̀, kò sí ìlú kejì nítòsí tí ó lè yà sí. Ó gbọ́dọ̀ ní epo tí yóò fi dúró lófurufú fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì ní èyí tí yóò fi padà dé ilẹ̀. Epo sì wúwo. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó ní àga 99 fi ń ta àga 76 péré nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àga tí ó ṣófo kì í ṣe àìrí èrò. Epo ìpadàbọ̀ ni ó jókòó sórí wọn.

Agogo náà a tún máa tan ènìyàn jẹ. Agogo Johannesburg fi wákàtí méjì ṣáájú ti St Helena. Ẹni tí ó gbéra ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tí ó sì lo wákàtí mẹ́fà yóò bá agogo erékùṣù náà ní aago kan ọ̀sán, bí ẹni tí kò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Nígbà tí ó bá ń padà, agogo yóò gba ohun tí ó yá a.

Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà kọ́ ni òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú náà máa ń lọ ní ọ̀pọ̀ àsìkò. Ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní wákàtí kan, ọjọ́ méje ni ó ti pàdánù. Bí a bá pa ọjọ́ ìdúró pọ̀ mọ́ wákàtí ìrìn, tí a sì pín in fún gbogbo àwọn èrò, wákàtí òfurufú yẹn di ohun kékeré. Èyí ni ohun tí àwọn ìwé tí ń polówó ìrìn-àjò kì í kọ.

Ẹ wá wo máàpù láti ìhà ti wa. Láti Èkó dé St Helena, bí a bá fa okùn tààrà lórí òkun, kò ju nǹkan bí 2,700 kìlómítà. Èkó fi ẹgbẹ̀rún kìlómítà súnmọ́ ọn ju Johannesburg lọ. Ọkọ̀ òfurufú tí ó bá lọ tààrà yóò débẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ará Èkó tí ó bá fẹ́ lọ ní láti kọ́kọ́ fò lọ sí Johannesburg, nǹkan bí 4,500 kìlómítà, kí ó sùn síbẹ̀, kí ó tó wọ ọkọ̀ mìíràn fún 3,700 kìlómítà. Yóò rin 8,200 kìlómítà lọ sí ibi tí kò jìnnà sí i ju 2,700 lọ. Ènìyàn lè sọ pé èrò ni kò tó, òótọ́ sì ni. Ta ni ń ti Èkó lọ sí Jamestown? Ṣùgbọ́n èrò Johannesburg náà kò pọ̀. Ohun tí ó gbé ọ̀nà gba ibẹ̀ ni pé Cape Town ni ọkọ̀ ojú omi ti máa ń wá tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé-ìwòsàn Gúúsù Áfíríkà ni àwọn aláìsàn mọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ra ọjà. Ọ̀nà òfurufú a máa tẹ̀lé ipasẹ̀ ọ̀nà omi, gẹ́gẹ́ bí títì ọlọ́dà ti máa ń tẹ̀lé ọ̀nà oko.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí kò ṣeé yí. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ọ̀nà mọ́ ní ọdún 2020, tí Gúúsù Áfíríkà ti ẹnubodè rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú àkànṣe láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé àwọn oníṣègùn àti oògùn lọ sí St Helena, Accra ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n sì ti yà rọ epo. Fún nǹkan bí ọdún méjì, Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ẹnu ọ̀nà erékùṣù náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọkọ̀ Johannesburg tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Accra sì pa dé.

Ìròyìn kò dúró de èrò mọ́ ní tirẹ̀. Láti ọdún 1899 ni okùn wáyà abẹ́ òkun ti so St Helena pọ̀ mọ́ Cape Town. Ní ọdún 2021, wọ́n tún gbé okùn tuntun kan gúnlẹ̀ sí Rupert's Bay, létí àfonífojì tí àwọn ará Áfíríkà ọjọ́un sùn sí. Equiano ni orúkọ rẹ̀, wọ́n fi sọrí Olaudah Equiano, ọmọ Ìgbò tí wọ́n jí kó lẹ́rú tí ó sì kọ ìwé ìgbésí ayé ara rẹ̀. Okùn kan náà ni ó gúnlẹ̀ sí Lomé àti sí Èkó ní ọdún 2022. Láti ìgbà tí wọ́n ti tan iná sí i ní ọdún 2023, olùkọ́ kan ní Èkó àti olùkọ́ kan ní Jamestown lè rí ojú ara wọn kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun ń bọ̀ wá kí èkejì, Johannesburg ni yóò gbà, yóò sì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ.